Àrùn Tí Ń Tọ Àrùn Lẹ́yìn: Fọ́ńgọ́ọ̀sì Inú Ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn Òtútù Àyà Líle, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Agbègbè Owódé Ẹ̀gbá

1.0 Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Òwe yìí ni ìpìlẹ̀ ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣàlàyé. Àrùn kan wà tí kì í sábà mú ẹni tí ara rẹ̀ le. Ó di ìgbà tí àrùn mìíràn bá ti kọ́kọ́ fọ́ ògiri ẹ̀dọ̀fóró kí ó tó rí ojú ihò tí yóò gbà wọlé. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni a ń pe ohun tí ń fà á, òtútù àyà líle tí fáírọ́ọ̀sì fà sì ni ó sábà máa ń la ọ̀nà fún un nínú ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí.

Owódé tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni Owódé Ẹ̀gbá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Kì í ṣe Owódé ti Yewa. Ìdí mẹ́ta ni ó mú kí ibẹ̀ yẹ fún àpẹẹrẹ. Èkínní ni pé Ewékorò, níbi tí ìtàn àrùn Kòrónà ní ilẹ̀ Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀, kò jìnnà sí i. Èkejì ni pé àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ará àdúgbò náà, inú eruku irúgbìn àti pàǹtí oko ni fọ́ńgọ́ọ̀sì náà sì ń gbé. Ẹ̀kẹta ni pé kì í ṣe ilé ìwòsàn kékeré ni a ti lè dá àrùn yìí mọ̀, bí ó ti wù kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ já fáfá tó.

2.0 Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kókó

2.1 Òtútù àyà. Orúkọ yìí lè mú kí ènìyàn rò pé òtútù gan-an ni ó fa àìsàn náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀dọ̀fóró kún fún àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké, ibẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Nígbà tí kòkòrò àrùn bá mú kí àwọn àpò wọ̀nyí wú, tí omi àti ọyún sì kún inú wọn, èémí yóò di ohun tí a ń fi agbára fà. Èyí ni òtútù àyà. Bakitéríà lè fà á. Fáírọ́ọ̀sì náà lè fà á. Fáírọ́ọ̀sì ti ọ̀fìnkìn líle àti ti Kòrónà wà lára àwọn tí ó burú jù nínú wọn.

2.2 Fọ́ńgọ́ọ̀sì. Kò sí ilé tí a kò ti mọ ẹbí yìí. Búrẹ́dì tí ó pẹ́ nílẹ̀ a máa bu. Èlùbọ́ tí kò gbẹ dáadáa a máa bu. Ẹ̀pà tí a kó pamọ́ nínú ọ̀rinrin náà a máa bu. Ohun bí òwú tàbí bí ìyẹ̀fùn aláwọ̀ ewé tí ó hù lára wọn ni fọ́ńgọ́ọ̀sì. Mọ̀lẹ́bí ni òun àti olú tí a ń ṣà nínú igbó. Ọ̀kan nínú ẹ̀yà rẹ̀ ni Aspergillus. Àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, Pier Antonio Micheli, ni ó fún un lórúkọ yìí ní ọdún 1729, nítorí pé nígbà tí ó wò ó nínú ẹ̀rọ amóhun-kékeré-tóbi, ó rí i pé ó jọ ohun èlò tí wọ́n fi ń wọ́n omi mímọ́ sí ìjọ lára.

Èyí tí ó ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá jù nínú wọn ni Aspergillus fumigatus. Irúgbìn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i: bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìwọ̀n irúgbìn kan kò ju méjì sí mẹ́ta àbọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ó lè gba imú àti ọ̀nà ọ̀fun kọjá tààrà títí dé àwọn àpò afẹ́fẹ́. Ooru ara ènìyàn kò sì dí i lọ́wọ́, nítorí pé inú ààtàn tí ó ń gbóná ni ó ti mọ́ ọn lára láti máa gbé.

3.0 Bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń dáàbò bo ara rẹ̀

Gbogbo ènìyàn ni ó ń fa irúgbìn fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí símú lójoojúmọ́, kì í sì í ṣe ọ̀kan tàbí méjì. Ó tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò ní ṣàìsàn nítorí rẹ̀ títí wọn yóò fi dàgbà. Kí ni ó fà á?

Ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀ṣọ́ kìn-ín-ní ni awọ tí ó tẹ́ inú ọ̀nà èémí. Awọ yìí ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ń mú ìdọ̀tí, ó sì ní àwọn ohun tín-ín-tìn-ín bí irun tí ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà sókè títí dé ọ̀fun, bí ìgbálẹ̀ ṣe ń gbá ilẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kejì ni àwọn olùṣọ́ tí ń gbé inú àpò afẹ́fẹ́ gan-an, tí ń gbé irúgbìn tí ó bá yọ́ kọjá mì. Ẹ̀ṣọ́ kẹta ni àwọn ẹ̀jẹ̀ funfun tí ń sáré wá láti inú iṣan, tí ń pa èyí tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbòǹgbò. Níwọ̀n ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà ní ipò wọn, àlejò lásán ni fọ́ńgọ́ọ̀sì. Kì í rí ibi jókòó.

4.0 Bí fáírọ́ọ̀sì ṣe ń ṣí ìlẹ̀kùn

Òtútù àyà líle tí fáírọ́ọ̀sì fà a máa ba ètò yìí jẹ́ ní ọ̀nà mẹ́ta.

(i) Ó ń pa awọ inú ọ̀nà èémí. Bí awọ náà bá ti kú, ìgbálẹ̀ kò sí mọ́, ògiri sì ti lanu. Irúgbìn tí ó bá balẹ̀ síbẹ̀ yóò rí ilẹ̀ tútù tí ó lè hù sí.

(ii) Ó ń dá àwọn ọmọ-ogun ara rú. Àwọn kan yóò kú nínú ìjà pẹ̀lú fáírọ́ọ̀sì, àwọn kan yóò sì máa jà láìní ètò, tí ìjà wọn yóò máa pa ẹ̀dọ̀fóró gan-an lára, nígbà tí agbára tí wọ́n fi ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì ti dín kù.

(iii) Ìtọ́jú gan-an lè fi kún un. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ìwádìí ńlá kan tí a ń pè ní RECOVERY, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé oògùn dexamethasone ń gba ẹ̀mí là lọ́wọ́ Kòrónà. Láàárín àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, oògùn náà dín ikú kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Láàárín àwọn tí wọ́n ń fún ní ọ́síjìn lásán, ó dín in kù ní bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ṣùgbọ́n kò ṣe àǹfààní kankan fún àwọn tí kò nílò ọ́síjìn. Iṣẹ́ tí oògùn yìí ń ṣe ni pé ó ń pẹ̀tù sí ìjà àwọn ọmọ-ogun ara. Bí ó bá ti pẹ̀tù sí ìjà, ó ti sọ ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ kalẹ̀ náà nìyẹn. Ohun tí ó gba ènìyàn lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì lè fi í lé fọ́ńgọ́ọ̀sì lọ́wọ́, pàápàá bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀ jù tàbí bí ọjọ́ rẹ̀ bá gùn jù. Ìwọ̀n tí ìwádìí náà lò ni mílígíráàmù mẹ́fà lóòjọ́, kò sì ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ.

5.0 Ẹ̀rí láti inú ìtàn

Pé àrùn kejì ni ó ń pa ẹni tí àrùn kìn-ín-ní ti dá gúnlẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918 ni ọ̀fìnkìn líle tí àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú gba ojú omi wọ Èkó. Ojú irin tí ó ti dé Ìbàdàn láti ọdún 1901 ni ó gbé e gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá, ní ọdún kan náà tí Ogun Àdúbí jà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n tún ẹ̀dọ̀fóró àwọn òkú ìgbà náà yẹ̀ wò ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 2008 pé bakitéríà tí ó tẹ̀lé fáírọ́ọ̀sì náà ni ó pa ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà náà, kò ì tíì sí oògùn tí ń pa bakitéríà.

Nígbà tí oògùn ti bakitéríà wá dé, fọ́ńgọ́ọ̀sì di ohun tí ó yẹ kí a fojú sí. Àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù àti Nẹ́dálándì ṣe àkójọ àwọn aláìsàn 432 tí ọ̀fìnkìn líle sọ di èrò ìyẹ̀wù ìtọ́jú àkànṣe láàárín ọdún 2009 sí 2016. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 19 ni Aspergillus ti wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn. Kò sì pẹ́ kí ó tó wọlé: ìdajì wọn ni a rí i lára wọn láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n dé ìyẹ̀wù náà. Láàárín 90 ọjọ́, 51 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ní fọ́ńgọ́ọ̀sì ni ó kú, nígbà tí 28 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò ní in kú. Ọdún 2018 ni wọ́n tẹ àbájáde yìí jáde. Ohun tí ó ya àwọn oníṣègùn lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn náà kò ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀ tí ó lè sọ ara wọn di aláìlágbára.

Nígbà tí Kòrónà dé ní ọdún 2020, ìtàn náà tún ara rẹ̀ sọ. Ní Cologne, ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n rí àmì Aspergillus lára márùn-ún nínú aláìsàn 19 tí Kòrónà ti bá jà dé ojú ikú. Ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 2021, ẹ̀yà fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn, tí àwọn ènìyàn ń pè ní fọ́ńgọ́ọ̀sì dúdú, mú àwọn tí ó lé ní 40,000 kí oṣù kẹfà tó parí. Imú, ojú àti ọpọlọ ni èyí sábà máa ń kọlù, ó sì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró bákan náà. Ìtọ̀ ṣúgà tí a kò kápá àti oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù tí àwọn kan ń lò ní àlòjù wà lára ohun tí ó fà á.

6.0 Owódé àti agbègbè rẹ̀

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àlejò kan tí ó ti ilẹ̀ Ítálì dé ní Kòrónà. Èkó ni ó gbà wọlé, ṣùgbọ́n Ewékorò, ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, ni ó ti ń ṣàìsàn. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a rí àrùn náà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn àrùn àkóràn ní Yábàá, ara rẹ̀ sì yá. Ní ìparí oṣù tí ó tẹ̀lé e, Ìjọba Àpapọ̀ kéde pé kí àwọn ará Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sí ilé. Àrùn náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀rọ̀ òkèèrè fún ará Owódé. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtòsí.

Bí a bá wá wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, a ó rí apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Ìjọba ìbílẹ̀ yìí ni Ọ̀fàdà wà, ìlú tí ìrẹsì Ọ̀fàdà ti gba orúkọ. Níbi tí wọ́n bá ti ń pa ìrẹsì, èèpo rẹ̀ a máa ga bí òkìtì. Níbi tí wọ́n bá ti ń yan gàárì, èèpo ẹ̀gẹ́ a máa jẹrà lẹ́bàá ilé. Ìgbẹ́ adìyẹ tí a kó jọ fún oko náà wà níbẹ̀. Irú òkìtì báyìí, tí ó tutù lóde tí ó sì ń gbóná nínú, ni ilé tí Aspergillus fẹ́ràn. Bí ọyẹ́ bá dé, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, tí a sì fi ṣọ́bìrì rú òkìtì náà, irúgbìn rẹ̀ yóò gbéra pẹ̀lú eruku.

Èyí kò wí pé kí àgbẹ̀ sá fún oko o. A ti sọ ṣáájú pé ẹni tí ara rẹ̀ le ń fa irúgbìn yìí símú láìní ìṣòro. Ẹni tí ó yẹ kí ó ṣọ́ra ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dìde, ẹni tí ó ń lo sítẹ́rọ́ọ̀dù, àti ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí wọn yóò rán lọ kó èèpo ìrẹsì ní ọ̀sẹ̀ tí ó ti ilé ìwòsàn dé, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ó na ẹsẹ̀.

7.0 Ìṣòro ìdámọ̀

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo aláìsàn kan. Ibà àti ikọ́ mú un. Èémí ń nira. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní ọ́síjìn àti dexamethasone. Ní ọjọ́ bíi mélòó kan, ara bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, àwọn ẹbí ń dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni ibà tún padà. Ikọ́ rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ọ́síjìn tí ó ń tó o tẹ́lẹ̀ kò tó o mọ́. Wọ́n pààrọ̀ oògùn bakitéríà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ìyàtọ̀. Àwọn ẹbí yóò sọ pé òtútù àyà náà ni ó padà. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ọwọ́ ayé ni. Nígbà tí wọ́n bá ń wí èyí, ohun mìíràn lè ti ta gbòǹgbò sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ìdí mẹ́ta ni ó mú kí ó ṣòro láti dá a mọ̀. Àkọ́kọ́, àmì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí àmì àrùn tí ó ṣáájú rẹ̀. Ibà ni, ikọ́ ni, èémí tí kò délẹ̀ ni. Èkejì, àwòrán àyà nìkan kò lè pín wọn níyà, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì ti ya ẹ̀dọ̀fóró náà ní abàwọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ a máa tàsé rẹ̀. Ṣúgà kan tí a ń pè ní galactomannan ń jáde láti ara fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí, òun sì ni àyẹ̀wò ń wá. Ṣùgbọ́n lára irú aláìsàn báyìí, inú ọ̀nà èémí ni fọ́ńgọ́ọ̀sì náà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Omi tí a fà jáde láti inú ẹ̀dọ̀fóró gan-an ni ó ń sọ òótọ́ jù. Fífa omi yìí gba ẹ̀rọ, ó gba oníṣègùn tí ó mọṣẹ́, nígbà Kòrónà sì ni ẹ̀rù ń ba àwọn oníṣègùn níbi gbogbo láti ṣe é, kí aláìsàn má ba à wú ikọ́ sí wọn lójú.

Ọ̀ràn mìíràn tún wà tí ó bá èyí tan ní ilẹ̀ wa. Aspergillus kan náà lè fa àrùn tí ń falẹ̀, tí ó lè gba oṣù tàbí ọdún, lára ẹni tí ikọ́ fée ti dá ihò sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rita Oladele ti Yunifásítì Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ aláìsàn 208 wò ní ibi ìtọ́jú ikọ́ fée ní Èkó àti Ìlọrin. Ọdún 2017 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Wọ́n rí àrùn tí ń falẹ̀ yìí lára ìwọ̀n 8.7 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé àwọn kan ń bẹ tí wọ́n ń gbé oògùn ikọ́ fée mì lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí ń ṣe wọ́n kì í ṣe ikọ́ fée mọ́. Nítorí náà, bí a bá ń pe gbogbo àìsàn àyà ní ikọ́, tí a kò sì bèèrè pé ikọ́ wo, orúkọ kan ṣoṣo náà lè di ohun tí yóò pa aláìsàn.

8.0 Ìtọ́jú

Oògùn bakitéríà kò lè pa fọ́ńgọ́ọ̀sì. Bí a bá rántí, ara fọ́ńgọ́ọ̀sì ni Alexander Fleming ti rí pẹnisílìnì ní ọdún 1928. Ohun ìjà tí fọ́ńgọ́ọ̀sì fi ń lé bakitéríà ni. Ẹni tí ó bá ń fi í lé fọ́ńgọ́ọ̀sì dà bí ẹni tí ó gba àdá lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ tí ó sì retí pé ẹ̀rù yóò ba ọlọ́kọ̀.

Oògùn tí ó ń kápá Aspergillus ni voriconazole àti isavuconazole. Ní ọdún 2002, ìwádìí kan fi hàn pé 71 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó lo voriconazole ni ó wà láàyè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, nígbà tí 58 wà láàyè nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó lo amphotericin B, oògùn àtijọ́. Ṣùgbọ́n voriconazole kò ran fọ́ńgọ́ọ̀sì dúdú ti Íńdíà; amphotericin B ni ó ń ran ìyẹn. Ìdí nìyí tí kò fi tó kí a sọ pé fọ́ńgọ́ọ̀sì ni. A gbọ́dọ̀ mọ èyí tí í ṣe. Ìtọ́jú náà kì í sì í ṣe ti ọjọ́ márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó kéré jù.

Ewu mìíràn ń bọ̀ láti oko. Oògùn tí àgbẹ̀ ń fín sí irúgbìn kí ó má ba à bu wá láti ìdílé kan náà pẹ̀lú voriconazole. Ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, àwọn onímọ̀ ti rí Aspergillus tí ó ti mọ́ ọn lára, tí voriconazole kò sì ràn án mọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka fọ́ńgọ́ọ̀sì 19 tí ó yẹ kí ayé fojú sí. Aspergillus fumigatus wà lára mẹ́rin tí wọ́n fi ṣáájú.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Gbogbo ohun tí a ti sọ kò ju kókó mẹ́rin lọ. Fọ́ńgọ́ọ̀sì wà nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí, kò sì ní agbára lórí ara tí ó dá ṣáṣá. Òtútù àyà líle ni ó ń fọ́ ògiri fún un. Àmì rẹ̀ fara pamọ́ sábẹ́ àmì àrùn tí ó ṣáájú rẹ̀. Oògùn rẹ̀ yàtọ̀ sí oògùn àrùn yẹn.

Láti inú èyí ni a ti lè rí ohun tí ó kù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ṣe. Kí ará ìlú gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ògiri má ba à lanu rárá. Kí ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà máa ṣọ́ ìwọ̀n rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ ra dexamethasone ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì fúnra rẹ̀, kí ó má sì kọ̀ ọ́ bí oníṣègùn bá fún un. Kí òṣìṣẹ́ ìlera ní Owódé tí ó bá rí aláìsàn tí ara rẹ̀ ti ń yá, tí ó sì tún burú láìka oògùn bakitéríà sí, tètè kọ̀wé gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Abẹ́òkúta, Ṣágámù tàbí Èkó, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pé kí wọ́n wò ó bóyá fọ́ńgọ́ọ̀sì ni. Gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè fún, ẹnikẹ́ni kì í ṣe é. Àgbà sì ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: bí a bá ń wo àrùn tí ó wà níwájú, kí a má ṣe gbàgbé láti wo èyí tí ó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.